Ẹ Bi Wá, A Ó Dá Yín Lóhùn: Báwo Ni tRNA Ṣe Ń Rìn Nínú Ráíbósóòmù?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ DNA àti mRNA (ẹ̀dà ohun tó wà nínú DNA tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi kọ́ púrótéènì) lójú ewé yìí ni lẹ́tà yín ò ti dáwọ́ dúró, èyí tó sì pọ̀ jù nínú wọn dá lórí ráíbósóòmù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kọ́ púrótéènì, àti tRNA tó ń ru amínò ásíìdì, ìyẹn èròjà tí wọ́n ń so pọ̀ di púrótéènì, wá síbẹ̀. A ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, a mú márùn-ún. Ti àkọ́kọ́ máa gùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, torí orí ẹ̀ ni àwọn yòókù dúró lé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. 200 level ni mo wà, biochemistry ni mò ń kà. Olùkọ́ wa ya ráíbósóòmù sórí bọ́ọ̀dù, wọ́n fi ààyè mẹ́ta sí i, A, P àti E, wọ́n ní tRNA á wọlé ní A, á sún sí P, á jáde ní E. Mo ti há a sórí àmọ́ kò yé mi. Kí ló ń tì í? Tó bá sì ń sún báyẹn, kí ló dé tí ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì tó gbé dání ò já bọ́? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ibi tó yẹ kéèyàn ti béèrè gan-an lo ti béèrè yìí. Àwòrán orí bọ́ọ̀dù máa ń fo ibẹ̀ kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á há A, P, E sórí, wọ́n á kọ ọ́ nínú ìdánwò, wọ́n á gba máàkì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ò sì ní yé wọn títí wọ́n á fi jáde.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. tRNA kan ò tóbi, lẹ́tà RNA bíi 76 péré ló para pọ̀ di í, ó wá ká wọra títí tó fi rí bíi L. Amínò ásíìdì máa ń so mọ́ ìpẹ̀kun kan, ìpẹ̀kun yẹn sì máa ń parí sí CCA nígbà gbogbo. Ìpẹ̀kun kejì ló ní lẹ́tà mẹ́ta tó fi ń ka mRNA. Jẹ́ ká pe ti àkọ́kọ́ ní orí ká pe ìkejì ní ẹsẹ̀, torí ṣe ló dà bí alárù tó gbé ẹrù sórí tó ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ráíbósóòmù náà pín sí méjì, apá ńlá àti apá kékeré. Orí tRNA máa ń wà nínú apá ńlá, ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń wà nínú apá kékeré níbi tí mRNA ti ń kọjá. Fi èyí sọ́kàn dáadáa: A, P àti E tí wọ́n yà fún ẹ kì í ṣe mẹ́ta péré. Mẹ́ta wà nínú apá ńlá, mẹ́ta wà nínú apá kékeré, orí sì lè wà ní ọ̀kan kí ẹsẹ̀ ṣì wà ní òmíràn. Ohun tí àwòrán bọ́ọ̀dù ò sọ fún ẹ nìyẹn.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀. tRNA kì í dá wọlé, púrótéènì kan tó ń jẹ́ EF-Tu ló máa ń gbé e wá, EF-Tu yìí á ti mú GTP dání, GTP yẹn ni agbára tó máa ná. Á gbé ẹsẹ̀ tRNA lé lẹ́tà mẹ́ta tó wà ní ààyè A, tí ò bá bá a mu, tRNA á padà síbi tó ti wá, tó bá sì bá a mu, apá kékeré á dì í mú ṣinṣin, EF-Tu á ná GTP ẹ̀, á fi í sílẹ̀, orí tRNA á wá yí wọnú apá ńlá. Àyẹ̀wò yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣìṣe, nínú 1,000 sí 10,000 amínò ásíìdì, bí ẹyọ kan ló máa ń ṣì wọlé.

Wàyí o, ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n amínò ásíìdì tí wọ́n ti so dé ibẹ̀ wà lórí tRNA tó wà ní P. Bí orí ẹni tuntun bá ṣe débẹ̀ tó sún mọ́ ọn, ẹ̀wọ̀n náà á bọ́ lórí ti P, á lọ so mọ́ amínò ásíìdì tó wà lórí ti A. Ẹni tuntun ló wá ru gbogbo ẹ̀ báyìí, ẹ̀wọ̀n sì ti fi ẹyọ kan gùn sí i. Ìdí tí kì í fi í já bọ́ nìyẹn, kò sí ìṣẹ́jú àáyá kan tí orí tRNA kan ò dì í mú. Ohun tó sì wú mi lórí jù ni pé kì í ṣe púrótéènì ló ń ṣe ìsopọ̀ yẹn, RNA inú ráíbósóòmù fúnra ẹ̀ ló ń ṣe é. Ọdún 2000 ni Thomas Steitz àti Peter Moore pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn ní Yale gbé àwòrán apá ńlá jáde, nígbà tí wọ́n wo ibi tí ìsopọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, RNA nìkan ló yí i ká.

Ìgbà yìí ni ìrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Orí ló ń kọ́kọ́ lọ. tRNA tó wà ní P ti sọ ẹrù kalẹ̀, orí ẹ̀ tó ṣófo á fà sí E nínú apá ńlá, orí èyí tó gba ẹ̀wọ̀n á fà sí P. Lásìkò kan náà apá kékeré á yí díẹ̀ lára apá ńlá, bíi dígírì 6. Àmọ́ ẹsẹ̀ ò tíì kúrò níbi tó wà, ẹsẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀wọ̀n ṣì wà ní A, ẹsẹ̀ ẹni tó ṣófo ṣì wà ní P. Orí ti lọ, ẹsẹ̀ wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni púrótéènì kejì máa wá, EF-G lorúkọ ẹ̀, òun náà mú GTP tiẹ̀ dání, ó ná an, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá sún pẹ̀lú mRNA lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà mẹ́ta gééré, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Tó bá fi lẹ́tà kan ṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n máa kà láti ibẹ̀ lọ á dàrú, púrótéènì yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Apá kékeré á yí padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, EF-G á lọ, A á ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

O béèrè pé kí ló ń tì í. Ooru ni, àbúrò mi. Nínú sẹ́ẹ̀lì ohun gbogbo ń gbọ̀n láìsinmi, ráíbósóòmù náà ń yí lọ ó ń yí bọ̀, tRNA lè sún síwájú, ó sì lè padà. Àwọn Alexander Spirin ní Rọ́ṣíà fi hàn láàárín àwọn ọdún 1970 pé ráíbósóòmù lè sún láìsí EF-G rárá, ó kàn máa lọ́ra gan-an ni. Tó o bá wo EF-G dáadáa, wàá rí i pé ó rí bíi EF-Tu tó gbé tRNA dání, ìrísí wọn jọra tó fi jẹ́ pé ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu nígbà tí wọ́n rí i ní 1995. Apá kan lára EF-G gùn jáde bí ẹsẹ̀ tRNA, ibẹ̀ ló máa ń tì bọ ààyè A nínú apá kékeré. Tí ẹsẹ̀ tRNA bá ti sún kúrò níbẹ̀, kò ráyè padà mọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, ká má jẹ́ kó padà sẹ́yìn, GTP tó ná sì mú kó yá ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Tó o bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe mọ̀ pé orí ló ń ṣáájú ẹsẹ̀, iṣẹ́ yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Ọdún 1968 ni Mark Bretscher ní Cambridge ti sọ pé ó jọ pé bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kò sí ẹ̀rí. Nígbà tó di 1989, Danesh Moazed àti Harry Noller ní Santa Cruz ní Kalifóníà kó tRNA sínú ráíbósóòmù, wọ́n wá da kẹ́míkà tó ń bu lẹ́tà RNA jẹ sí i. Ibi tí tRNA bá bò, kẹ́míkà ò ní lè débẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ á mọ́ kedere láìlábùkù. Wọ́n wá ń ka àmì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn tí ẹ̀wọ̀n ti bọ́ sórí ẹni tuntun, tí wọn ò sì tíì fi EF-G sí i, àmì inú apá ńlá ti yí sí P àti E, ti inú apá kékeré ṣì wà ní A àti P. Ẹ̀rí dé. Joachim Frank àti Rajendra Agrawal wá fi máíkíróskóòpù ẹlẹ́ńtírọ́ọ̀nù rí yíyí apá kékeré yẹn ní 2000, Frank wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2017 torí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ti 2009 ni wọ́n fún Venki Ramakrishnan, Thomas Steitz àti Ada Yonath fún ìrísí ráíbósóòmù.

Gbogbo ohun tí mo fi odindi ojú ewé sọ yìí, bakitéríà *E. coli* lè ṣe é nígbà 15 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiwa lọ́ra díẹ̀, bíi 5 tàbí 6.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, tí tRNA bá jáde ní E, ṣé ó ti kú nìyẹn? Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ńkọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò sẹ́ni níwájú ẹ̀? (Tísà báyọ́lọ́jì kan, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Kò kú o, tísà. Á lọ gba ẹrù míì. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn púrótéènì tó ń mú kí iṣẹ́ kẹ́míkà yá nínú sẹ́ẹ̀lì, wà fún iṣẹ́ yẹn, nǹkan bí 20 irú wọn ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mọ amínò ásíìdì tiẹ̀ àti tRNA tiẹ̀, wọ́n á ná ATP, tóun náà jẹ́ agbára bíi GTP, wọ́n á so ẹrù tó tọ́ mọ́ orí tó tọ́. Tí wọ́n bá so èyí tí kò tọ́, ráíbósóòmù ò ní mọ̀, torí ẹsẹ̀ ni apá kékeré ń yẹ̀ wò, kì í wo ẹrù. Àwa olùkọ́ kì í tẹnu mọ́ èyí tó.

tRNA àkọ́kọ́ ní tiẹ̀, methionine ló máa ń rù, kì í gba A wọlé rárá, tààrà ni wọ́n ń gbé e sí P. Òun nìkan ló ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn ọmọ kíláàsì yín: ọjọ́ pẹ́ tí gbogbo ayé fi gbà pé ààyè méjì péré ló wà, A àti P, àfi nígbà tí Rheinberger, Sternbach àti Nierhaus ní Berlin fi hàn ní 1981 pé ẹ̀kẹta wà.

ÌBÉÈRÈ: Kano ni mò ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ. Lọ́dún 2023 tí àìsàn ọ̀fun dífítéríà jà níbí, ọmọ aládùúgbò wa kan kú, wọ́n sì ti fún un ní antibáyọ́tíìkì. Dókítà kan sọ pé májèlé àìsàn yẹn ń dá púrótéènì dúró nínú ara. Ṣé ó kan ohun tí ẹ máa ń kọ yìí? (Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o, bàbá. Ọlọ́run á bá wa tu àwọn òbí ẹ̀ nínú. Ó kàn án tààrà. Kano ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú dífítéríà ọdún yẹn.

EF-G tí mo sọ lókè, ti bakitéríà ni. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ara èèyàn ń jẹ́ eEF2. Lórí ṣóńṣó apá eEF2 tó ń wọ ààyè A yẹn ni amínò ásíìdì kan wà tí sẹ́ẹ̀lì ti tún ṣe lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, wọ́n ń pè é ní diphthamide, ibẹ̀ gan-an sì ni májèlé dífítéríà ń wá. Tó bá ti wọ sẹ́ẹ̀lì, á so nǹkan mọ́ ibẹ̀, eEF2 ò sì ní lè ti ẹsẹ̀ tRNA síwájú mọ́. Orí lè ti lọ, ẹsẹ̀ ò ní kúrò. Ráíbósóòmù á dúró sójú kan pẹ̀lú púrótéènì tí kò parí, sẹ́ẹ̀lì á kú. Ẹ́ńsáìmù ni májèlé yẹn, bó bá ti ba eEF2 kan jẹ́ á tún bọ́ sí òmíràn, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá wọlé tó láti pa sẹ́ẹ̀lì kan. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀fun tó kú ló ń di awọ eérú tí ẹ máa ń rí, tí májèlé bá sì ti bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn, ọ̀rọ̀ di ńlá.

Ohun tó fà á nìyẹn tí antibáyọ́tíìkì nìkan ò fi tó. Ó ń pa bakitéríà, àmọ́ kò lè fọwọ́ kan májèlé tó ti jáde. Oògùn apamájèlé wà, òun náà sì gbọ́dọ̀ tètè dé, torí èyí tó ti wọnú sẹ́ẹ̀lì kì í lè mú un mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò gidi, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 lẹ́yìn ìbí ni wọ́n ń fún ọmọ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá, ẹ lọ wo káàdì àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lónìí, tí àyè kan bá ṣófo níbẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìlera.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta oògùn ní Mushin. Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé kí n fún àwọn ní tetracycline méjì péré nítorí inú rírun, wọ́n ní ó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ àmọ́ kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Kí lẹ rò? (Oníkẹ́místì)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, torí ọwọ́ yín ni nǹkan yìí wà. Tetracycline máa ń lọ jókòó sí ààyè A nínú apá kékeré ráíbósóòmù bakitéríà. EF-Tu á gbé tRNA dé, ẹsẹ̀ ẹ̀ á kan mRNA díẹ̀, kò ní ráyè fìdí múlẹ̀, á padà. Ráíbósóòmù tiwa náà ní ààyè A, àmọ́ ìrísí ẹ̀ yàtọ̀ níbẹ̀, oògùn yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọnú sẹ́ẹ̀lì wa bó ṣe ń wọ ti bakitéríà. Ẹ kíyè sí i pé kì í sábà pa bakitéríà, ó kàn ń dá ìdàgbà wọn dúró ni, ọmọ ogun ara ló máa parí iṣẹ́. Ẹni tó bá gba méjì péré ti tú wọn sílẹ̀ nìyẹn, wọ́n á tún padà máa kọ́ púrótéènì.

Kò tíì tán. Àwọn bakitéríà kan ní púrótéènì tó ń jẹ́ TetM, ìrísí ẹ̀ jọ EF-G, ó gbà wá sórí ráíbósóòmù, á na ara wọ ibi tí tetracycline jókòó sí, á tì í dànù, á ná GTP, á sì kúrò lọ́nà kí tRNA lè wọlé. Jíìnì tó ń ṣe é sì ń ti ara bakitéríà kan bọ́ sí ara òmíràn. Ibi tí kò sí oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ lérè fún wọn láti ní in, ibi tí oògùn bá ti ń wọlé ní gbogbo ìgbà ni ẹni tó ní in ti ń yè tí àwọn yòókù ń kú. Ìdí tí kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Inú rírun lásán ò nílò ẹ̀, ẹ má sì tà á fún aboyún tàbí ọmọ tí kò tíì pé 8, ó máa ń ba àwọ̀ eyín jẹ́ títí ayé. Ẹ sọ fún oníbàárà kó lọ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó tà fún un. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́gbẹ́ yín tó wà ní òdìkejì títì máa tà á, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

ÌBÉÈRÈ: SS ni ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9 ni. Mo kà á níbì kan pé amínò ásíìdì kan ni wọ́n ṣì gbé sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Ṣé tRNA ló ń ṣàṣìṣe nínú ara ọmọ mi? Ṣé nǹkan kan tí mo jẹ nígbà tí mo lóyún ẹ̀ ló fà á? (Ìyá kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Màmá, rárá o. Kò sí oúnjẹ tàbí oògùn tí ẹ lò tó fà á, ẹ gbé ẹrù yẹn kúrò lọ́kàn yín lónìí.

tRNA ọmọ yín ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ láìlábùkù. Okùn beta inú himoglóbíìnì, púrótéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ̀síjìn, ní amínò ásíìdì 146. Ìkẹfà nínú wọn ló yàtọ̀, Vernon Ingram ló sì rí i ní Cambridge nígbà tó kù díẹ̀ kí 1960 wọlé. Nínú jíìnì tó wọ́pọ̀, lẹ́tà tó wà níbẹ̀ lórí mRNA ni GAG, tRNA tó bá a mu á gbé glutamate wá. Nínú èyí tí ọmọ yín jogún lọ́dọ̀ ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀, lẹ́tà kan yàtọ̀, GUG ló di. Tí GUG bá dé ààyè A, tRNA tó ń ru valine ni ẹsẹ̀ ẹ̀ bá a mu, òun ló wọlé, orí ẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sún bó ṣe yẹ kó sún. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ló kà. Okùn yẹn á parí láàárín bí ìdajì ìṣẹ́jú, kò ní fara hàn pé nǹkan kan yàtọ̀ àfi nígbà tí himoglóbíìnì bá ti sọ ọ̀síjìn kalẹ̀, ìgbà yẹn ni valine á mú kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ra, tí sẹ́ẹ̀lì pupa á wá tẹ̀ kọdọrọ.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ohun tí mRNA bá sọ ni ráíbósóòmù ń ṣe, ibi tí àwọn oníṣègùn ń gbà nìyẹn. Gbogbo wa la ní jíìnì okùn míì tá a lò nínú oyún, gamma, tí ara máa ń pa lẹ́yìn ìbí. Tí mRNA gamma bá tún pọ̀ sí i, okùn tí kò ní valine yẹn á pọ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa ò sì ní máa tẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtọ́jú Casgevy tí Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 ń tún jíìnì ṣe kí gamma lè ṣí, àmọ́ iye ẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Èyí tí ọwọ́ lè tó ni hydroxyurea, oògùn oníhóró tí wọ́n ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, òun náà ń mú gamma pọ̀ sí i, ó sì ń dín ìrora kù fún ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lò ó. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò déédéé tó bá bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá tún gbé e lọ sí kíliníìkì, ẹ bi dókítà ẹ̀ léèrè nípa ẹ̀.